Eco-Drive: aago ọwọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣáàjì

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló lé mi dé ìdí Eco-Drive ti Citizen, ilé iṣẹ́ aago ti Japan. Aago tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe. Bátìrì tuntun tí wọ́n bá fi sí i kì í pẹ́, ẹ̀yìn aago tí wọ́n sì ti ṣí kì í pa dé pinpin mọ́. Òjò kan ló pa á: omi wọ inú rẹ̀, ó parí.

Abẹ́ ojú Eco-Drive ni wọ́n tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kékeré sí. Tèmi dúdú, ẹ ò lè rí pánẹ́ẹ̀lì yẹn rárá, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú aago náà kọjá lọ bá a. Á sọ ọ́ di iná, iná náà á sì wọnú bátìrì kékeré kan. Kò sí wáyà, kò sí ibi tí a ti ń ki nǹkan bọ̀ ọ́. Ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ Japan yìí ti kọ́kọ́ gbé aago ọlọ́wọ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ jáde. Nígbà yẹn, ojú aago gbangba ni pánẹ́ẹ̀lì wà. Orúkọ Eco-Drive dé ní 1995.

Kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń jẹ o. Gílóòbù inú yàrá náà ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ wọn pọ̀ jọjọ: ìmọ́lẹ̀ ọ́fíìsì máa ń wà ní nǹkan bí 500 lux (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), oòrùn ọ̀sán gangan sì lè tó 100,000. Ohun tí oòrùn máa fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè gba gílóòbù ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, inú mi dùn pé aago yìí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kún, ọ̀pọ̀ nínú oríṣi Eco-Drive lè lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà nínú òkùnkùn.

Àwa tó ń wọ àgbádá àti bùbá alápá gígùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí apá aṣọ máa ń bo aago láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi kì í sọ tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń sùn. Tí iná inú rẹ̀ bá ń tán lọ, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kò ní máa sún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, á máa fo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ yìí gan-an, torí kò ní jẹ́ kí aago ṣàdédé dákẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kó tètè kún gbé e síwájú nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́, kì í ṣe ooru, ooru tó bá sì kọjá 60°C léwu fún un.

Owó rẹ̀ ju ti aago oníbátìrì lásán lọ, tèmi kò sì ní àmì tó ń fi hàn bí bátìrì ṣe kún tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ní i. Ẹni tó ní aago rẹpẹtẹ nínú àpótí, mi ò ní sọ pé kó rà á. Ẹni tó ń wọ ẹyọ kan lójoojúmọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ wo ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀. Bó bá ń fo méjì-méjì, ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú páálí. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ títí yóò fi máa sún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó.