Ẹ̀rọ tDCS tí wọ́n ní ó ń jí ọpọlọ: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa tDCS, ẹ̀rọ oníná kékeré tí wọ́n ń gbé sórí kéèyàn lè kàwé kó yé e yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà ra ọ̀kan, gbogbo wa nínú ilé la ti lò ó.

Bátìrì 9V ló ń jẹ, NEPA ò kàn án, ibẹ̀ ló ti gba ìràwọ̀ kan. Fóòmù méjì ló ní, ẹ máa fi omi iyọ̀ rin wọ́n, ẹ gbé e sórí, iná mílíáḿpù 1 sí 2 á máa gba ibẹ̀ kọjá fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe iná ńlá tí wọ́n ń fún aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun o, èyí ò lè mú yín gbọ̀n, ó kàn máa ń yúnni ni, ibẹ̀ á pọ́n díẹ̀, nígbà míì orí á fọ́ni.

Irun gan-an ni wàhálà! Fóòmù yẹn gbọ́dọ̀ kan awọ orí, èmi wá di ṣùkú, omi iyọ̀ ń ṣàn wọ̀ mí lójú, ẹ̀rọ ń ké pé òun ò rọ́nà, àbúrò mi ọkùnrin tó gé tiẹ̀ kanlẹ̀ sì jókòó pẹ̀sẹ̀ ó ń tẹ fóònù. Ẹni tó ṣe é ò rò tiwa mọ́ ọn rárá.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2000, àwọn oníwàádìí méjì, Nitsche àti Paulus, ní Göttingen, ní Jámánì, fi hàn pé irú iná yìí lè yí bí apá ọpọlọ tó ń darí iṣan ṣe ń ta kìjí padà, fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ẹni tó bá fò látibẹ̀ dé yíyege WAEC, òun ló mọ̀. Awọ orí àti egungun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná yẹn kó tó dénú. Ní 2015, Horvath àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn tára wọn le jọ, wọ́n ní lílo ẹ̀ẹ̀kan ò mú kí ìrònú já fáfá lọ́nà tó ṣeé gbára lé, àwọn míì sì bá wọn jiyàn. Àbúrò mi ṣá ní òun rí ìyàtọ̀. Nínú ìwádìí, wọ́n máa ń fún àwọn kan níná ẹ̀tàn, á yún wọn fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, wọ́n á pa á, onítọ̀hún ò ní mọ̀, àwọn yẹn náà sì lè ní àwọn rí ìyàtọ̀. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní pálọ̀ wa?

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ẹni tó tà á ò bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní wárápá tàbí irin nínú orí, bẹ́ẹ̀ àwọn oníwàádìí kì í gbé e sórí irú wọn láìbéèrè. Ìràwọ̀ kejì, ti fóòmù ni, ó lágbára.