Ògbufọ̀ orí fídíò ní ọsibítù Amẹ́ríkà: ẹ bèèrè ẹ̀ fáwọn òbí yín

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ mú ìyá tàbí bàbá wá sí Amẹ́ríkà níbí, iṣẹ́ ògbufọ̀ tí wọ́n ń ṣe lórí fídíò ní ọsibítù yìí, ọ̀fẹ́ ni o, ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì á ti tábúlẹ́ẹ̀tì kan wá síwájú bẹ́ẹ̀dì, á tẹ Yorùbá, ògbufọ̀ tó bá jáde lójú ẹ̀ á sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, ó ti yá nìyẹn.

Obìnrin tó jáde sí Màmá wa mọ iṣẹ́ gan-an. Ó kọ́kọ́ kí wọn ní ẹ kú ìnira mà, ojú Màmá là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dọ́kítà wá bèèrè pé láti 0 dé 10, báwo ni ìrora yẹn ṣe tó, Màmá ní "a dúpẹ́." Dọ́kítà ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí ìrora rárá, ni obìnrin yìí bá tọrọ àyè, ó ṣàlàyé fún un pé àgbà lọ́dọ̀ wa lè dúpẹ́ kí ara ṣì máa ro ó, kó gba ọ̀nà míì bèèrè. Dọ́kítà ní ṣé wọ́n ń rí oorun sùn lóru, ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn, háà, ọ̀rọ̀ tú jáde, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n sì ti ń mu àgbo mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí wọn ò sọ lójú èmi ọmọ wọn rí!

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ nìyẹn. Ṣé màmá á sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ ara wọn lójú ọmọ-ọmọ ni? Òfin ìlera 2010, èyí tí wọ́n ń pè ní Obamacare, gan-an ò gbà kí ọsibítù tó ń gbowó ìjọba àpapọ̀ lo ọmọdé bẹ́ẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ibi tó kù sí ni pé ti Spanish kì í pẹ́ jáde, ti Yorùbá, ẹ lè dúró títí á fi sú yín. Lọ́jọ́ kan orí fóònù lásán ni wọ́n fún wa, ọ̀dọ́kùnrin kan sì ń sọ "ìwọ" fún Màmá, wọ́n bá panu mọ́, "hẹn, hẹn" nìkan ni wọ́n ń dáhùn títí a fi kúrò níbẹ̀, ó dùn mí púpọ̀ torí ìtọ́jú ọjọ́ yẹn kàn ṣòfò ni.

Ẹ tún ṣàlàyé fáwọn òbí yín ṣáájú pé ẹnu dọ́kítà ni ògbufọ̀ fi ń sọ̀rọ̀, tó bá ní "mo fẹ́ yẹ orúnkún yín wò," dọ́kítà ló ni "mo" yẹn, Màmá rò pé obìnrin inú tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń bọ̀ wá fọwọ́ kàn wọ́n.

Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ọsibítù ni kẹ́ ẹ ti sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́, pé fídíò ni, kó jẹ́ obìnrin tí màmá bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ní kí wọ́n sáìn náà, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ kà á fún wọn tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.