Mo ka ìwé àbá OpenDreamKit tán: bí wọ́n ṣe ń béèrè owó ìjọba fún sọ́fítíwià ìwádìí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ ìjọba fún iṣẹ́ sọ́fítíwià kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, òfo ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí n tó kọ ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, mo rí ìwé kan tó là mí lójú: àbá tí àwọn OpenDreamKit fi béèrè owó tiwọn, tí wọ́n sì rí i gbà. Ọ̀fẹ́ ni, ìta gbangba ló wà, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó fi hàn mí láti ọjọ́ yìí. Òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fún ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Áljẹ́brà ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Orí loop àti quasigroup, àwọn ètò ìṣirò tí a ń fi tábìlì ṣàpèjúwe, ni ìwádìí mi dá lé, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe tipẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ wàhálà tábìlì: bí loop bá ní èròjà 8, ojú ilé 64 lo máa kún, nọ́ńbà kan kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan tàbí nínú òpó kan. Nígbà tí mò ń ṣe másítà, pẹ́ńsù àti rọ́bà la fi ń ṣe é. Lónìí, GAP ni mo fi ń kọ́ wọn. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ni, Aachen ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, àfikún kan sì wà fún un tó ń jẹ́ LOOPS. Ìlà kan lo máa tẹ̀, tábìlì á yọ.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ méjì mìíràn fẹ́ fi ohun tó kù kún un, kó lè dá àwọn irú loop tí a ń ṣe níbí mọ̀, kí ìwé ìlànà sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lè máa tẹ̀ lé lórí lápútọ́ọ̀pù kékeré. Ohun tí a nílò jù kì í ṣe ẹ̀rọ. Ènìyàn ni: ọ̀dọ́ kan tó mọ kóòdù kọ, tó sì mọ áljẹ́brà, tí a ó máa san owó oṣù fún fún ọdún méjì.

Àjọ tí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, dá a padà. Wọ́n ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìwádìí, sọ́fítíwià ni. Nígbà kejì, mo gba ìmọ̀ràn, mo yọ owó oṣù ọmọ náà kúrò, mo fi lápútọ́ọ̀pù, bátìrì sólà àti owó ọkọ̀ dí àyè rẹ̀. Wọ́n tún dá a padà: àwọn kò rí ẹni tí yóò máa tọ́jú sọ́fítíwià náà. Mo jókòó sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọ́fíìsì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi yọjú, wọ́n ní, "Ìyá Táyé, ṣé ẹ ti ka èyí tí wọ́n fún lówó rí?" Mo ní, "Rárá, sà." Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Lọ́dọ̀ wa, àbá tó bá rówó gbà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé.

Ìbéèrè wọn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ OpenDreamKit. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló fún iṣẹ́ náà lówó lábẹ́ Horizon 2020, ètò tí wọ́n fi ń fún ìwádìí lówó nígbà náà, láti oṣù kẹsàn-án 2015 títí di oṣù kẹjọ 2019, owó ọ̀hún sì tó mílíọ̀nù 7.6 yúrò. Nicolas Thiéry ní Université Paris-Sud ló ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n kó àwọn sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ bíi SageMath (tí wọ́n tún ń pè ní Sage), GAP, PARI/GP, Singular àti Jupyter pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣiṣẹ́. Àwọn tó kọ àbá náà kò sì fi í pamọ́. Orí GitHub, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń jọ ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti kọ ọ́ ní LaTeX, ètò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń tẹ ìwé, lójú gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló sì lè wà á jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó mú mi lọ́kàn jù. Ohun mẹ́ta ni Horizon 2020 fi díwọ̀n àbá: bí iṣẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó, àǹfààní tí yóò mú wá, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Máàkì 5 ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fo méjì àkọ́kọ́, mo lọ tààrà sí ẹ̀kẹta. Tábìlì kan wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Mo fi ìka tọ ìlà yunifásítì St Andrews ní Scotland, níbi tí wọ́n gbé àkóso GAP lọ ní 1997, lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà nínú àwọn ilé náà kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹ̀rọ. Oṣù ni: iye oṣù tí ènìyàn yóò fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ènìyàn làwọn fẹ́ fi owó náà gbà, tí yóò kọ kóòdù, tí yóò dán an wò, tí yóò kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí mo yọ kúrò nínú tèmi pẹ̀lú ìtìjú, òun ni wọ́n fi ṣe òpó tó gbé ilé ró.

Ibòmíràn ni tábìlì ewu. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó bá dárúkọ ewu nínú àbá ti gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn yìí dárúkọ tiwọn: wọ́n lè má rí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n gbà, ẹgbẹ́ tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè má ṣọ̀kan. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Nínú àbá wa kẹta, mo kọ ọ́ pé ọmọ tí a bá gbà lè japa láàárín iṣẹ́, nítorí náà ẹni méjì ni yóò mọ kóòdù náà dójú àmì.

Ìwé náà ní àléébù. Èdè rẹ̀ le, èdè àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Yúróòpù ni, ó sì gùn. Bí ẹ kò bá mọ LaTeX dáadáa, PDF ni kí ẹ wà jáde, torí fáìlì inú rẹ̀ pọ̀, mo sì fi odindi ọ̀sán kan gbìyànjú kó tó ṣí. Kò lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa ṣírò owó ní náírà tí iye rẹ̀ ń yí padà. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí bí ẹ ṣe lè da àjọṣe wọn kọ. Àwọn ará Sage ti ń ṣe ìpàdé Sage Days láti 2006, ọdún mẹ́sàn-án kí owó yẹn tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tiwa, orí WhatsApp nìkan la ti ń rí ara wa. Ní báyìí, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni a ń jókòó pọ̀, ẹni tó bá kàn ló ń se oúnjẹ, a ó sì ṣí kóòdù náà sójú ògiri kí gbogbo wa jọ kà á.

Fún àwọn tó sọ pé sọ́fítíwià kì í ṣe ìwádìí, mo fi ìdajì ojú ìwé dá wọn lóhùn nínú àbá wa kẹta. Mo kọ nípa William Stein, tó bẹ̀rẹ̀ Sage ní 2005, tó sì kúrò ní yunifásítì níkẹyìn lọ gbájú mọ́ ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, torí kò rí owó tó tó gbà fún iṣẹ́ náà níbẹ̀. Mo kọ nípa Software Sustainability Institute, àjọ tó ń ran sọ́fítíwià ìwádìí lọ́wọ́ ní Bìrìtìkó láti 2010, àti ètò POSE tí NSF, àjọ ìjọba tó ń fún ìwádìí lówó ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tó fi owó tó lè tó 300,000 dọ́là sílẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ kí sọ́fítíwià tó wà nílẹ̀ lè rí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìwé yìí. Tábìlì oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.

Ìlà kẹjọ nínú ìṣúná wa báyìí: òṣìṣẹ́ kan, oṣù 24. Lálẹ́ ọjọ́ tí a fi í ránṣẹ́, kó tó di pé mo lọ sùn, mo gbé tiwa náà síta fún gbogbo ayé. Mo yọ nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wa kúrò. Ìyókù wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n ti dá padà.