Agolo irin tí mo fi ń gbé epo ẹ̀rọ ìgéko: ó tó owó tí mo san lé e

Houston ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí koríko ti ń hù láti ìgbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún. Ẹni tó bá ń gé àgbàlá rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa fi gbé epo bẹntiróòlù wálé. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní safety can, Type I: irin tí wọ́n fi sínkì bò, tí wọ́n kùn ní pupa, tó ń gba gálọ́ọ̀nù márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi lítà 19. Justrite àti Eagle wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Owó tí mo rà á ju ìlọ́po méjì owó kẹ́ẹ̀gì ike lọ, kò sì dùn mí rárá.

Ohun tó lé mi kúrò nídìí ike ni epo tó ń dà sílẹ̀. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ló ṣòfin pé kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó ń pa ara rẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ epo tó ń jáde lára rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.3 gíráàmù lọ fún gálọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Èrò òfin náà dára, torí afẹ́fẹ́ epo wà lára ohun tó ń ba atẹ́gùn ìlú ńlá bíi tiwa jẹ́. Àmọ́ ihò kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì àtijọ́, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nígbà tí epo bá ń jáde, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ dí i pa. Ojú kan náà ni epo àti afẹ́fẹ́ wá ń jà sí. Kẹ́ẹ̀gì tí mo lò kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ní òrùka kan tí mo gbọ́dọ̀ yí, kí n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí n wá fi eyín kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ́ etí táńkì. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà, mi ò sì ní rí inú táńkì. Epo á kọ́kọ́ kọ̀ kò ní jáde, lójijì á tú gbùà, á dà sára ẹ́ńjìnnì, á ṣàn dé orí koríko. Lọ́jọ́ kejì, koríko ibi tó dà sí á ti gbẹ.

Agolo irin yìí kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Ọmọrí ńlá kan ṣoṣo ló ní. Tí mo bá fa ìdìmú rẹ̀, ọmọrí á ṣí. Tí mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀, sípírìngì á dé e pàá. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ń wọlé bí epo ṣe ń jáde, epo sì ń ṣàn jẹ́jẹ́ gba inú àrọ tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Mo lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀ tí mo bá rí i pé táńkì ti fẹ́ kún. Nínú oòrùn oṣù kẹjọ, nígbà tí ike máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù, sípírìngì yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀jù rọra yọ jáde, á sì tún dé e padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kò hàn síta: asẹ́ wáyà kan wà ní ọ̀fun rẹ̀. Iná tó bá fẹ́ gba àárín wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wọ inú agolo, irin á fa ooru rẹ̀ mu, iná á sì kú kó tó dé ọ̀dọ̀ epo. Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo ọgbọ́n yìí ní 1815 fún àtùpà àwọn awakùsà èédú. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin 2020 ti wá sọ ohun ìdènà iná bẹ́ẹ̀ di dandan fún kẹ́ẹ̀gì ike náà, láti oṣù keje 2023. Mo mọ àwọn tó ń ki nǹkan bọ ọ̀fun kẹ́ẹ̀gì láti yọ ọ́ dànù, pé ó ń fa epo sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ ń ṣeré nítòsí, ẹlòmíì sì ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó wúwo: tí epo bá kún inú rẹ̀, ó tó kìlógíráàmù 16 tàbí 17. Ìyá tó ti dàgbà, tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kí ó ra ti gálọ́ọ̀nù méjì. Àrọ rẹ̀ tóbi fún táńkì ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gé etí koríko. Type II, tó ní ẹnu méjì àti ọ̀pá irin tó ṣeé tẹ̀, ló bá irú ìyẹn mu, owó rẹ̀ sì ga ju tèmi lọ.

Ẹ̀rọ kékeré yẹn gan-an, agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo fún un, nítorí àdàpọ̀ epo àti ọ́ìlì ló ń mu. Tèmi gba 50:1, ìyẹn mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà epo kan. Tí epo lásán bá wọ inú rẹ̀, písítìn rẹ̀ á jóná. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ara agolo náà.

Nílé epo, orí ilẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí kí ẹ tó rọ epo sí i, kí irin nọ́sù sì fara kan ẹnu rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́yìn píkọ̀ọ̀pù tí wọ́n tẹ́ ike sí, torí iná mànàmáná (static) máa ń kóra jọ sára agolo níbẹ̀, kò sì ríbi bá lọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá ta pàrà, ojú afẹ́fẹ́ epo ni. Ẹ ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù lókè, torí epo máa ń wú tí ó bá gbóná.

Mo ń ro àwọn ará ilé bí mo ṣe ń kọ èyí. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí wọ́n fi ta òróró ni ọ̀pọ̀ ń gbé lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n á wá fi láílọ́ọ̀nù wé ẹnu rẹ̀ kí ọmọrí lè fún. Ní Amẹ́ríkà, pupa ni ti bẹntiróòlù, yẹ́lò ti dísẹ́ẹ̀lì, búlúù ti kẹrosíìnì. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí agolo irin rà nílé, ẹ kun kẹ́ẹ̀gì epo kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹntiróòlù tó bá ṣèèṣì wọ inú sítóòfù tàbí àtùpà kẹrosíìnì, ó lè run gbogbo ilé.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Orí pákó ni mo ń gbé e sí, kì í ṣe orí kọnkéré, torí ìdí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Mo máa ń fi ìka ra rọ́bà abẹ́ ọmọrí: tó bá ti le tàbí tó sán, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìta, nínú ahéré irinṣẹ́, ló ń gbé, kì í ṣe gàrájì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná wà. Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ gbà títí á fi kan iná.

Epo ọ̀dọ̀ wa ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ́tánọ́ọ̀lù sì ń fa omi mọ́ra nínú atẹ́gùn ọlọ́rinrin bíi ti Houston. Nítorí náà mo ń lẹ bébà tí mo kọ ọjọ́ sí mọ́ agolo, mi ò sì kí í ra ju ohun tí mo lè lò tán láàárín oṣù kan lọ, àfi ní àsìkò ìjì. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ ní agbègbè wa, ìlà ilé epo sì gùn. Láti ìgbà náà, láti oṣù kẹfà ni mo ti ń tọ́jú agolo kan ní kíkún. Mo ń da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i lọ́jọ́ tí mo bá rà á. Tí àsìkò ìjì bá kọjá, mo rọ ọ́ sínú ọkọ̀, ó di lílò. Tí epo kan bá ń kọ mí lóminú, mo da díẹ̀ sínú ìgò funfun: tí ẹ bá rí ìlà láàárín, tí nǹkan bí omi sì wà nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dé kabúrétọ̀. Ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba kẹ́míkà ilé ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe gọ́tà.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi sílẹ̀ lójijì. Bí kò bá dé pàá, tàbí tí ẹ kò rí asẹ́ nínú ọ̀fun rẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ, ẹ mú òmíràn.