Síìtì Ẹ́ńjìnnì Fún Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Ẹ́ńjìnnì Míì Sí: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ní Ìkòròdú, tí èèyàn bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì míì sínú ọkọ̀ àtijọ́, orí ẹ́ńjìnnì àti gíà ni gbogbo dúnàádúrà máa ń parí sí. Síìtì, ìyẹn ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé nínú ọkọ̀, ni wọ́n máa ń rántí kẹ́yìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń fì dirodiro lórí ṣéènì, tí ọ̀gá mẹkáníìkì á wá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, tí á ní, "Alhaji, síìtì ẹ̀ ò bára mu o. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, a máa mánéèjì ẹ̀." Mánéèjì yẹn ló máa ń di ọkọ̀ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú gósíló Mile 12, tí dígí ẹ̀gbẹ́ ò ní jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Síìtì kì í ṣe rọ́bà nìkan. Irin kan wà tó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, òmíràn so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà wá wà láàárín wọn. Tí ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń gbé wọlé kì í bá ṣe irú èyí tó bá ọkọ̀ wá, irin yẹn, ìyẹn bírákẹ́ẹ̀tì, ni ẹ kọ́kọ́ ń yàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ná rọ́bà títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọn á wá fi irin sílẹ̀ fún wẹ́dà pé kó ṣe é bó ṣe wù ú.

Irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀rọ̀ á rọrùn tó bá jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí kan náà ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ọ̀pọ̀ Camry Orobo, ti 1992 sí 1996, ẹ́ńjìnnì 5S-FE oní lítà 2.2 ló wà nínú wọn, Pencil Light tó tẹ̀lé e náà sì lo 5S-FE. Ẹ́ńjìnnì Golf 2 àti Golf 3 oní fáàfù mẹ́jọ náà, ìran kan ni wọ́n. Fún irú èyí, bírákẹ́ẹ̀tì ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yín ni kí ẹ ní kí wọ́n tú, kí wọ́n gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tó ń bọ̀. Ẹ ò nílò wẹ́dà kankan. Rọ́bà nìkan ni ẹ máa rà.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy, 2AZ-FE oní lítà 2.4, sínú Orobo. Lára 5S-FE, iwájú níbi rédíétọ̀ ni sàlẹ́ńsà ti ń jáde. Lára 2AZ-FE, ẹ̀yìn ló ti ń jáde, níhà ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ò bára mu, torí náà ọ̀nà méjì ló wà láti so tuntun mọ́ ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra bírákẹ́ẹ̀tì 2AZ àti síìtì rẹ̀ lódindi, kí wẹ́dà wá ṣe ìjókòó fún un lára ọkọ̀. Ìkejì ni kí síìtì Orobo dúró síbi tó wà, kí wẹ́dà ṣe irin tí yóò so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun. Àkọ́kọ́ máa ń wọ́n jù, wọ́n á sì gé ara ọkọ̀, àmọ́ tí rọ́bà bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ máa béèrè lọ́jà Ládìpọ̀. Ìkejì kì í fọwọ́ kan ara ọkọ̀, rọ́bà Orobo náà sì wà ní gbogbo ọjà.

Ìkejì ni mo fara mọ́ fún 2AZ. Ìdí ni pé alumíníọ́mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, irin sì ni ti 5S-FE, nítorí náà kì í ṣe ẹrù tuntun ni wọ́n ń gbé lé rọ́bà Orobo lórí. Tó bá jẹ́ V6, onípísítìnì mẹ́fà, ni ẹ fẹ́ gbé síbi tí onípísítìnì mẹ́rin wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Rọ́bà onípísítìnì mẹ́rin á rì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Orobo V6 wà, ẹ wá síìtì tirẹ̀.

Ti wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 5 tàbí 6 ni kó lò, kì í ṣe páànù tó ṣẹ́kù lára géètì ẹnì kan. Kó fi irin onígun mẹ́ta ti igun rẹ̀ lẹ́yìn, torí igun yẹn ló máa ń ya. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti jókòó pẹ̀lú gíà àti ṣáfútù (irin tó ń yí táyà) lára rẹ̀ kó tó fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó tú irin náà jáde, kó jó o tán lórí ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà lára ọkọ̀ yín, ẹ yọ orí bátìrì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lè jó. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó: ṣé abẹ́ ọ́ìlì ò kan irin ìsàlẹ̀? Ṣé bọ́nẹ́ẹ̀tì á pa dé? Ṣé ṣáfútù méjèèjì wọlé tààrà, tí kò sí èyí tó fà jù? Fún ọkọ̀ tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, bíi Benz V-boot, gíga síìtì gíà lẹ́yìn ṣe pàtàkì bíi tàwọn tiwájú, torí tí igun ṣáfútù gígùn abẹ́ ọkọ̀ bá yẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré, ẹ ó sì máa bá ẹni tó ń ṣe bálánsì táyà jà láìnídìí.

Rọ́bà wá ńkọ́?

Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tó dúró sójú kan, tó ń yí ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ló ń bú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni rọ́bà ń gbà mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà nínú gósíló láti Ògòlòǹtò dé Ketu. Ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ fi yàn án, ẹ má fi ti ohun tí ẹ rí nínú fídíò àwọn tó ń sáré ìje yàn.

Rọ́bà lásán ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó gba gbígbọ̀n dáadáa, ẹnikẹ́ni ló lè fi sí i. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ́ìlì àti ooru: tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì bá ń jò sí i, á wú, á rọ̀, á ya. Èyí tó lómi nínú jọ ọ́ lójú, àmọ́ yàrá méjì ló wà nínú rẹ̀ tí omi glycol ń gba ihò tóóró kọjá láàárín wọn, ihò yẹn ló ń dá ẹ́ńjìnnì dúró tó bá fẹ́ fò. Kò sí èyí tó tuni lára tó o nínú gósíló. Ṣùgbọ́n tó bá ti jò, ó parí, owó rẹ̀ sì ju ti rọ́bà lásán lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá a wá, kó fi í síbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò bá a wá, kó má dààmú ara rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá rí síìtì tó ní páìpù tàbí wáyà lára, bíi ti àwọn Lexus àti Accord V6 kan, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀. Tí wáyà náà ò bá ní so mọ́ nǹkan kan nínú ọkọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀.

Polyurethane, ìyẹn irú rọ́bà kan tó le ju rọ́bà lásán lọ, ló ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Lórí òṣùwọ̀n Shore A tí wọ́n fi ń wọn líle, rọ́bà tó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 50 sí 60. Polyurethane máa ń wà láàárín 70 sí 95. Ọ́ìlì ò tètè bà á jẹ́, ẹ́ńjìnnì ò ní máa mì síwá sẹ́yìn, gíà á sì máa wọlé ṣáká. Ohun tí wọn ò ní sọ fún yín ni pé gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa bá a ṣe é. Fún ọkọ̀ tí màmá fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgbógbó, èmi ò ní rà á. Tí ojú yín bá wọ̀ ọ́ dandan, ẹ lò ó fún èyí tó ń di orí ẹ́ńjìnnì mú kó má baà yí nìkan, kí ẹ fi rọ́bà sí àwọn tó gbé ẹrù. Irin pọ́ńbélé tí kò ní rọ́bà rárá, ti ìje ni. Táyà tí àwọn kan máa ń gé há ẹnu síìtì tó ti ya, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Tòkunbọ̀ tàbí tuntun

Irin tòkunbọ̀, rọ́bà tuntun: bí mo ṣe máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn nìyẹn. Irin kì í gbó kíákíá, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló sì tọ́ jù, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń ra ẹ́ńjìnnì, ẹ má sanwó tán títí wọ́n á fi kó bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín, pẹ̀lú bóòtì wọn. Rọ́bà ní tirẹ̀ máa ń darúgbó bí ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Síìtì tó jáde lára Camry 1995 lè jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bó ti wù kó máa dán.

Dídán yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí. Ẹ mú àkísà tó ní pẹtirólù díẹ̀, ẹ nù ún dáadáa. Tí dúdú bá ń jáde sára àkísà, wọ́n ti kùn ún ni. Ẹ wá ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, kí ẹ fi tipátipá yà á díẹ̀, ojú yín kó wà níbi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin. Tí ibẹ̀ bá là bí ètè, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Èyí tó lómi, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ipa omi tó gbẹ wà níbẹ̀. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fọkàn tán mi ni?", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Fún tuntun, ẹ gbé ti àtijọ́ lọ sọ́jà. Ẹ gbé méjèèjì sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo gíga, ihò, àti gígùn bóòtì. Àfarawé olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. "Original" tó wà lára páálí, ẹ má kà á sí.

Kí ẹ tó san owó tó kù

Ẹ pààrọ̀ gbogbo síìtì pọ̀, títí kan ti gíà, torí èyí tó bá kú láàárín wọn ló máa pa àwọn tuntun. Kí mẹkáníìkì má fún bóòtì wọn pinpin lẹ́ẹ̀kan náà. Kó dì wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí ibi jókòó, kó tó wá fún wọn pinpin. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà, torí iná ò lè gba inú rọ́bà kọjá.

Tó bá jẹ́ gíà aláfọwọ́yí kọ́ ni ọkọ̀ yín, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bírékì mọ́lẹ̀ gan-an, kó ki gíà sí D, kó fún un níná díẹ̀, kó tún ki í sí R. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró níwájú. Ẹ́ńjìnnì á gbéra díẹ̀, á sì padà. Tó bá gbéra gan-an, tàbí tí ẹ bá gbọ́ "gbà!", bírákẹ́ẹ̀tì náà ò tíì tán nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó tó kù ṣì wà lápò yín.