Alùpùpù Triumph Bonneville àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà: kí ló máa fún púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níná, pọ́íǹtì ni àbí ẹlẹ́kítíróníìkì?

Láti 1963, pọ́íǹtì méjì (irin kékeré tó ń ṣí, tó ń pa dé, kí púlọ́ọ̀gì lè tanná) ló ń bá T120, ìyẹn Bonneville ìgbà náà, jáde láti ilé iṣẹ́. Owó wọn kéré, àmọ́ wọ́n ń fẹ́ ìtọ́jú gan-an: àlàfo mìlímítà 0.38 lójú pọ́íǹtì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ṣí, pẹ̀lú gíríìsì díẹ̀ lára káàmù, irin tó ń yí tó sì ń ṣí wọn. Tí gíríìsì bá gbẹ, gìgísẹ̀ pọ́íǹtì, ibi tó ń kan káàmù, á jẹ, àlàfo á dín kù, táímìn á sì sún sẹ́yìn, ìyẹn ni pé púlọ́ọ̀gì á pẹ́ kó tó tanná.

Ẹlẹ́kítíróníìkì, tí kò lo pọ́íǹtì, wọ́n jù ú lọ, kò sì ní ẹ̀yà tó ń jẹ bíi gìgísẹ̀ pọ́íǹtì. Bátìrì tó ti rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á ṣòro láti sítáàtì, á sì máa kọsẹ̀.

Ṣé ẹni tó ń wá ojúlówó lẹ fẹ́ tà á fún? Ẹ jẹ́ kí pọ́íǹtì wà lára rẹ̀. Ẹni tó máa gùn ún lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹlẹ́kítíróníìkì ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ ṣáà kó pọ́íǹtì rẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú alùpùpù náà.