Dọ́bù béèsì àlòkù: báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é?

Ẹni tó ń ta dọ́bù béèsì àlòkù, ohun èlò orin olókùn tó dà bíi fáyólìn gàgàrà, kì í sábà mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà lọ́jọ́ tó rà á ló ń tún sọ fún yín: "Jámánì ni o, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì tún lè jẹ́ plywood látòkè délẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Inú béèsì lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó dárúkọ ìlú rẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání, àti dígí ọlọ́wọ́ gígùn bíi ti oníṣègùn eyín.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀

Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń tan iná sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Bí ẹ bá rí orúkọ Stradivarius tàbí Gasparo da Salò, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ Ítálì àtijọ́, lórí rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún 1609 ni Gasparo kú ní Brescia. Béèsì tí wọ́n kà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí Domenico Dragonetti, gbajúmọ̀ atabéèsì, lò, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Marco ní Venice; kò sí lọ́jà àlòkù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kàn ń sọ pé ilé iṣẹ́ kan wo àwòṣe ọ̀gá náà ni, tàbí pé wọ́n fẹ́ kí ọjà wọn yá.

Orúkọ orílẹ̀-èdè wúlò ju orúkọ ènìyàn lọ, nítorí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1890 pàṣẹ pé kí ọjà òkèèrè máa ru orúkọ ibi tó ti wá. Bí ẹ bá rí "Germany" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún títà sókè òkun lẹ́yìn ìgbà náà. "Czechoslovakia" kò lè ṣáájú 1918. "U.S. Zone" (apá Jámánì tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso) jẹ́ ti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kó tó di 1949. "West Germany" wà láàrin 1949 sí 1990. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "West Germany, ọdún 1920", ẹ ti mọ̀ pé ibì kan ti yẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Schönbach, ìlú kan ní Bohemia, ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ló kún ìlú náà, iṣẹ́ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Markneukirchen tó wà nítòsí, ní Saxony ní Jámánì, lódìkejì ẹnubodè. Abẹ́ Austria ni Schönbach wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1918 ó di ti Czechoslovakia. Lẹ́yìn 1945 wọ́n lé àwọn ará Jámánì ibẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ tẹ̀dó sí Bubenreuth ní Bavaria. Luby ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí. Ọwọ́ kan náà ló ṣe é, ìwé inú rẹ̀ sì lè dárúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Ẹ tún máa bá orúkọ ọjà kan, "John Juzek, Prague", pàdé: Prague ló wà lórí ìwé, àmọ́ agbègbè Schönbach ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́.

Bí ẹ bá rí ojú igi onígun mẹ́rin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, ìwé ti wà níbẹ̀ rí, ẹnì kan ló ṣí i kúrò. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Plywood àbí igi gbígbẹ́?

Ẹ yanjú èyí kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè, torí òun ló ń já ìdajì àwọn ìlú náà sílẹ̀. Ẹ wo etí ihò méjì tó dà bí lẹ́tà f. Lára igi gbígbẹ́, ìyẹn igi gidi tí wọ́n fi irinṣẹ́ gbẹ́, ìlà spruce (irú igi tí wọ́n fi ń ṣe àyà, pákó iwájú béèsì) máa gba etí ihò wọ inú lọ láìjá. Lára plywood, ẹ máa rí ìpele lórí ìpele, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìlà wọn dábùú ara wọn. Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà dúdú kun etí ihò yìí, èyí tó yẹ kó mú yín fura. Nígbà náà, ẹ wá ibi tí etí rẹ̀ ti ṣá, kẹ́ ẹ wò ó níbẹ̀. Ẹ tún fi dígí wo ẹ̀yìn láti inú: bí kókó igi tàbí ìlà tó hàn níta kò bá sí nínú, plywood ni.

Ihò tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà wọlé nísàlẹ̀ náà máa ń fi bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn hàn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ irin náà nígbà tí okùn ṣì le o. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára okùn so mọ́, bí ẹ bá sì dẹ okùn tán, ọ̀pá kékeré tó dúró láàrin àyà àti ẹ̀yìn lè ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe é.

Irú kẹta kan tún wà, tó jẹ́ pé àyà nìkan ni wọ́n gbẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn jẹ́ plywood. Ẹni tó ń tà á á máa yin àyà ṣáá, kò ní mẹ́nu ba ìyókù.

Saxony àti Bohemia lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago

Méjì yìí ni wọ́n máa ń fi rọ́pò ara wọn jù lọ, bẹ́ẹ̀ inú wọn kò jọra rárá.

Ilé iṣẹ́ Kay ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe béèsì plywood lọ́dún 1937, ó sì ṣe é títí di òpin àwọn ọdún 1960. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àyà àti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi máa ń dán, tí ẹ ò ní rí ojú irinṣẹ́ kankan. Nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ Kay sì ní àkọsílẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà hàn pẹ̀lú ọdún. Nígbà tí Kay kógbá sílé, ilé iṣẹ́ Engelhardt gba iṣẹ́ náà, ó sì ń ṣe béèsì tó jọ ọ́ bí ìbejì. Nítorí náà, "Kay" tí kò ní nọ́ńbà Kay nínú, Engelhardt ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe béèsì burúkú, owó rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní Saxony àti Bohemia, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe apá tirẹ̀: ẹnì kan gbẹ́ orí, òmíràn tẹ ẹ̀gbẹ́, ẹlòmíràn to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti dárúkọ ẹnì kan pé òun ló ṣe é. Ẹ fi dígí wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú. Bí ẹ kò bá rí igi ìdìmú tó nípọn níbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjì kàn pàdé ara wọn, tàbí pé pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bo igun náà kí ojú má baà rí i, ìwọ̀ oòrùn Bohemia tàbí Saxony ni ọkàn yín máa lọ. Ojú irinṣẹ́ máa ń hàn nínú àyà. Nígbà mìíràn, ọ̀pá gígùn tó wà nínú àyà, lábẹ́ okùn tó nípọn jù, kì í ṣe igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ara igi àyà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn lè tẹ́ tàbí kó yọ ikùn. Àwọn mìíràn ní orí kìnnìún dípò orí tó ká bí ìgbín. Orí kìnnìún ń wu olùrà, kò sì fi ohunkóhun kún ohùn.

Ní tèmi, ẹni tó ń ra béèsì àkọ́kọ́, tó sì máa gbé e wọ ọkọ̀ jáde wọ ọkọ̀, kó ra plywood tó mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa ju igi gbígbẹ́ tó ti là lọ. Igi gbígbẹ́ ń bá ojú ọjọ́ wú, ó sì ń bá a gbẹ, owó àtúnṣe igun tí kò ní igi ìdìmú sì lè tó ìdajì owó béèsì fúnra rẹ̀.

Ìlà Oòrùn Yúróòpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣáínà

Luby náà ṣe béèsì lábẹ́ orúkọ Strunal. Reghin ní Ròmáníà náà gbajúmọ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni béèsì Ṣáínà bíi Eastman, Shen àti Christopher ti kún ọjà. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ àtijọ́, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáníìṣì sọ ohun tuntun di arúgbó. Ibi tí àwọ̀ ti bó ni kẹ́ ẹ wò. Ògbólógbòó gidi máa ń bó níbi tí ara ènìyàn ti ń kàn án: èjìká, etí ẹ̀yìn, àti ìbàdí tí ọ̀pá tí a fi ń ha okùn máa ń gbá. Bí ó bá jẹ́ àárín àyà, níbi tí ọwọ́ kì í dé, ló bó jù, fáníìṣì ni. Kò yẹ kí ẹ tìtorí ìyẹn sá, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn dún dáadáa. Ẹ ṣáà má san owó arúgbó fún ọmọdé.

Àwọn tó kù

Mirecourt ní Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì: wọn kò wọ́pọ̀, owó wọn sì ju kí ẹnikẹ́ni dá nìkan pinnu lọ. Àmì kan péré ni mo máa sọ. Lára béèsì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá ti Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì, olókùn mẹ́ta pọ̀. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n ti dí lára àpótí orí, tí ihò mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ́ di olókùn mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọ́kùn ṣe ẹ̀rí ńlá; wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ.

Fún igi gbígbẹ́ olówó ńlá, àwọn onímọ̀ lè ka ìlà ọdún tó wà lára spruce àyà. Èyí ń sọ ọdún tí ìlà tó kẹ́yìn hù, béèsì náà kò sì lè dàgbà ju ìyẹn lọ; kò sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí béèsì bá wà lọ́nà jíjìn, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò igun inú, etí ihò f, orí láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, àti ìsàlẹ̀ níbi irin ẹsẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí dígí wọ inú rẹ̀, owó plywood ni kẹ́ ẹ bá a ná an.